Ajá tí mo gbé lójú títì ní Ìbàdàn: ta ló yẹ kí n fà á lé lọ́wọ́?

Ìyá Ṣebótimọ

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, gbogbo ilé. Abo ajá ìbílẹ̀ kan ló wà lọ́wọ́ mi. Ọlọ́kadà kan ló gbá a nítòsí ọjà Bódìjà, ó sì sá lọ. Mo gbé ajá náà lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko. Wọ́n tọ́jú ẹsẹ̀ rẹ̀, wọ́n fún un lóògùn aràn, wọ́n sì gún un lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ó ti ń jẹun dáadáa báyìí, ó kàn ń tiro díẹ̀ láàárọ̀ ni.

Ilé háyà ni mò ń gbé. Lánlọ́ọ̀dù ti ní bí oṣù yìí bá ti parí, òun ò fẹ́ gbúròó ajá nínú ọgbà òun mọ́. Màmá tó wà ní yàrá kejì náà ń ṣàròyé pé ajá ń ba àlùwàlá òun jẹ́. N ò fẹ́ tú u sílẹ̀ padà sójú títì. Mo gbé fọ́tò rẹ̀ sórí WhatsApp, àwọn tó pè kò kéré, àmọ́ ara ń fu mí. Ọ̀kan nínú wọn béèrè bó ṣe wúwo tó kó tó béèrè bóyá akọ ni tàbí abo.

Báwo lẹ ṣe ń mọ ẹni tó ṣeé fún lájá? Ṣé kí n gbowó ni, àbí ọ̀fẹ́ ló dáa? Ṣebótimọ ni mo sọ ọ́. Ẹ má wulẹ̀ béèrè ìdí. Àwọn tí mò ń bá wí nínú ọgbà wa ti gbọ́.

Àjàní Mọ́kọ́lá

Ẹni tó bá kọ́kọ́ béèrè bí ajá ṣe wúwo tó, ó ti lọ ata sílẹ̀. Ẹ yáa dí nọ́ńbà rẹ̀.

Adélé Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ àánú, mà. Nílùú London tí mo wà, ẹni tó bá rí ajá tó ń rìn gbéregbère kò láṣẹ láti sọ ọ́ di tirẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Òfin ní kó dá a padà fún olówó rẹ̀ tàbí kó fi tó káńsù àdúgbò létí. Ọjọ́ 7 ni káńsù fi ń dúró de olówó ajá kí wọ́n tó lè fún ẹlòmíràn. Láti oṣù kẹrin ọdún 2016 sì ni òfin ti sọ ọ́ di dandan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí ajá ní máíkíróṣíìpù lábẹ́ awọ, kí wọ́n lè fi ẹ̀rọ wo ẹni tó ni ín.

Nígbà tí èmi fẹ́ gba ajá tèmi, àwọn tó ń tọ́jú ajá aláìnílé wá wo ilé mi kí wọ́n tó dá mi lóhùn. Wọ́n wo bí ọgbà ṣe ga tó. Wọ́n béèrè iye wákàtí tí mo fi ń wà níbi iṣẹ́, ọjọ́ orí àwọn ọmọ mi, àti ẹni tí yóò máa bọ́ ajá bí mo bá rin ìrìn àjò. Mo fọwọ́ sí ìwé pé bí n ò bá lè tọ́jú rẹ̀ mọ́, ọ̀dọ̀ wọn ni yóò padà sí. Mo sì sanwó. Ẹ ṣe gbogbo rẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́.

Ọdẹ Ìgànná

Ẹ̀gbọ́n Peckham, káńsù wo lẹ fẹ́ kí ìyá yìí pè ní Ìbàdàn? Bí wọ́n bá tiẹ̀ gbé fóònù, wọ́n á ní ṣé ajá ọ̀hún bu èèyàn jẹ ni.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ olówó ajá yẹn, ẹ má fò ó. Lọ́dọ̀ wa, ajá tó ń rìn kiri lọ́sàn-án lè nílé o. Ọ̀pọ̀ ajá ló ń jáde láàárọ̀, tí wọ́n á lọ wá egungun kiri ọjà, tí wọ́n á sì padà sílé nírọ̀lẹ́. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn alápatà, àwọn tó ń gbálẹ̀ ọjà, àti àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ládùúgbò. Àwọn ọmọdé ló mọ ẹni tó ni ajá kọ̀ọ̀kan. Ẹ sì tú irun ọrùn rẹ̀ wò bóyá okùn ti há ibẹ̀ rí.

Ẹ má fún ọdẹ o. Ọdẹ ni mí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Kékeré la ti ń mú ajá wọgbó. Àgbà ajá tí ọ̀kadà ti dẹ́rù bà, bó bá gbọ́ ìró ìbọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, yóò sá lọ ni, a ò ní rí i mọ́.

Ìyá Ṣebótimọ

Ẹ ṣé, bàbá. Mo ti béèrè lọ́wọ́ àwọn alápatà. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tó ti ń sùn sábẹ́ tábìlì àwọn, kò sẹ́ni tó wá a wá rí. Ọrùn rẹ̀ kò há níbì kankan.

Ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ máa ń kán lójú ara rẹ̀ o. Mo rò pé àsìkò akọ rẹ̀ ló dé. Ṣé ìyẹn ò ní kí n má gbé e fún èèyàn?

Dókítà Ẹranko, Abẹ́òkúta

Ẹ má fi ìyẹn ṣe èrò lásán, mà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Abo ajá máa ń ṣẹ̀jẹ̀ bó bá fẹ́ gbakọ, ó sì sábà máa ń tó ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún, ṣùgbọ́n kì í sábà ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó lè jẹ́ kókó kan tí ajá ń kó lára ajá ẹgbẹ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń gùn. Ó wọ́pọ̀ lára ajá ìgboro. Oògùn wà fún un. Vincristine là ń gún fún wọn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn ló sì ń san pátápátá. Àmọ́ ẹ má gbé ajá tó ní kókó yìí lọ sílé tí akọ ajá wà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti dìgbòlugi pẹ̀lú, torí mo rí i pé ọkàn yín ti balẹ̀ lórí abẹ́rẹ́ yẹn. Abẹ́rẹ́ náà dáa, ṣùgbọ́n kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tí wọ́n gún un. Ó ń tó bí oṣù kan kí ààbò rẹ̀ tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Bí ajá mìíràn tó ní àrùn náà bá sì ti bù ú jẹ kẹ́ ẹ tó gbé e, àrùn lè fara pamọ́ sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, àní fún oṣù mélòó kan, kó tó yọjú. Torí náà ẹ máa ṣọ́ ọ. Bí ohùn tó fi ń gbó bá yí padà, bí itọ́ bá ń ṣàn lẹ́nu rẹ̀, bí kò bá lè gbé nǹkan mì, tàbí bó bá kàn ń bu igi àti òkúta jẹ, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe dókítà. Bí àmì àrùn yìí bá ti hàn lára èèyàn, ó ṣọ̀wọ́n kéèyàn tó yè é.

Bó bá bu ẹnikẹ́ni jẹ tàbí tó fi èékánná ya á lára, ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kẹ́ ẹ wá gba ilé ìwòsàn lọ. Kì í ṣe epo pupa, kì í ṣe ata, kì í ṣe irun ajá tí wọ́n jó. Lóòótọ́ a máa ń ṣọ́ ajá tó bu èèyàn jẹ fún ọjọ́ 10, ṣùgbọ́n ẹ má dúró kí ọjọ́ yẹn pé kẹ́ ẹ tó lọ gba abẹ́rẹ́.

Ẹ wo káàdì tí wọ́n fún yín: ó yẹ kí ọjọ́ abẹ́rẹ́, ìwé pélébé ara ìgò abẹ́rẹ́ àti òǹtẹ̀ dókítà wà lórí ẹ̀. Ẹni tó bá gba ajá ni yóò gbé káàdì yìí lọ gba tọdún tó ń bọ̀. Ilé ìwòsàn ẹranko ti ìjọba wà ní Mọ́kọ́lá, ti Yunifásítì Ìbàdàn náà sì wà. Lọ́dọ̀ tiwa, ti FUNAAB, yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Abẹ́òkúta, ló wà ní Alábàtà.

Àjàní Mọ́kọ́lá

Dókítà, eégbọn ńkọ́? Ajá ìgboro ò lè ṣaláìní. Sniper díẹ̀ nínú omi ìwẹ̀, gbogbo ẹ̀ á jábọ́. Bí èkúrú bá tún wà lára ẹ̀, ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tó ti dúdú ni wọ́n fi ń pa á.

Dókítà Ẹranko, Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dán an wò. Májèlé ni Sniper, bẹ́ẹ̀ náà ni ọtapiapia. Awọ ara ajá ń fà á mu, ó sì tún ń lá ara rẹ̀. Wọ́n ti gbé ajá tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n wá bá wa torí irú ìwẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì náà ń jó awọ ni, ó sì ń ba kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ jẹ́. Oògùn eégbọn tí wọ́n ṣe fún ajá wà, ti èkúrú náà wà, bí ajá bá sì ṣe wúwo tó la fi ń wọn oògùn fún un. (Níbi tiwa, ẹni tó béèrè ìwọ̀n ajá kò jẹ̀bi.)

Ọmọ Oǹdó

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ tí kò ní dùn mọ́ yín. Wọ́n ń jẹ ẹran ajá nílé wa, èmi náà ti jẹ ẹ́, n ò ní purọ́. Àwọn tó ń wá 404 (ẹran ajá náà nìyẹn) kiri kì í mú ọ̀bẹ dání wá o. Wọ́n á múra dáadáa, wọ́n á ní ọmọ àwọn ló ń sunkún pé òun fẹ́ ajá. Wọn ò ní béèrè ohun tó ń jẹ, wọn ò ní gba káàdì abẹ́rẹ́, wọn ò sì ní fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ilé àwọn. Wọ́n á sáà máa kánjú.

Ẹ̀gbọ́n Peckham ní kẹ́ ẹ gbowó. Owó táṣẹ́rẹ́ ò lè dá wọn dúró. Ẹ lọ béèrè iye tí àwọn tó ń pa ajá ń ra èyí tó tóbi tó tiyín. Bí owó tẹ́ ẹ dá lé e bá kéré sí ìyẹn, ọjà ọ̀pọ̀ lẹ tà fún wọn, èrè ni wọ́n á jẹ. Ohun tó ń lé wọn ni kẹ́ ẹ ní ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa gbé ajá wá sílé wọn, àti pé ẹ ó máa yà wò ó. Wọn ò ní pè mọ́.

Bó bá sì ti di àsìkò ọdún Ògún, ẹ má fún àjèjì lájá rárá.

Ọdẹ Ìgànná

Ọmọ Oǹdó, ibi tẹ́ ẹ bá a dé dáa, ẹ dúró níbẹ̀. A ń fi ajá bọ Ògún, kò sẹ́ni tó ń sẹ́. Ọjà la ti ń rà á, ojú gbogbo ayé la sì ti ń ṣe é. A kì í tan ìyá oníyàá gba ajá.

Olóko Lálúpọn

Kí ló dé tẹ́ ẹ ń da ara yín láàmú? Ẹ gbé e wá fún mi lóko. Ajá mi kì í pebi, adìyẹ tó bá kú ni wọ́n ń jẹ. Ọ̀sán, wọ́n wà lórí ṣéènì. Alẹ́, mo tú wọn sílẹ̀. Olè ò wá síbẹ̀.

Àdùkẹ́ Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n Lálúpọn, ẹ má bínú o, n ò ní gbé e fún yín. Adìyẹ tó kú fúnra rẹ̀, àrùn ló pa á. Ajá tó bá sì ti mọ adùn adìyẹ, lọ́jọ́ tí ilẹ̀kùn ilé adìyẹ bá ṣí, ẹ̀yin náà lẹ máa pa ajá. Ajá tó wà lórí ṣéènì látàárọ̀ ṣúlẹ̀ sì lè tètè bu ọmọdé jẹ, torí kò rí ibi sá sí bí ẹ̀rù bá bà á.

Ìyá Ṣebótimọ, ó ti pẹ́ tí mo ti ń bá ajá ìgboro wá ilé. Ẹ gbọ́ bí mo ṣe ń ṣe é.

Òótọ́ ni kẹ́ ẹ kọ sábẹ́ fọ́tò, bí kò tilẹ̀ dùn. Báyìí: “Abo ajá ìbílẹ̀, ó ti dàgbà. Ọ̀kadà gbá a lẹ́sẹ̀, ó ṣì ń tiro díẹ̀. Ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi, káàdì wà. Ó ń bẹ̀rù ariwo. N ò tíì mọ bó ṣe ń ṣe sọ́mọdé. Èmi ni mo máa gbé e wá sílé yín.” Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ló ń ṣe iṣẹ́ tí owó ò lè ṣe, Ọmọ Oǹdó ti sọ ọ́. Ẹ má sọ pé ó ń ṣọ́lé bí kò bá ń ṣọ́lé. Ẹni tó gba ajá torí olè, tó wá rí i pé ńṣe lajá ń júrù sí olè, títì ni yóò dá a padà sí.

Bí wọ́n bá pè, ẹ má béèrè ìbéèrè tí wọ́n á kàn fèsì “bẹ́ẹ̀ ni, mà.” Ìbéèrè tí mo fẹ́ràn jù ni: “Ajá tẹ́ ẹ ní tẹ́lẹ̀ dà?” Ẹ máa gbọ́rọ̀. Ọ̀kan sọnù, mọ́tò pa ìkejì, ẹ̀kẹta jẹ májèlé eku. Èèyàn burúkú kọ́ ni irú ẹni bẹ́ẹ̀ o, gééètì wọn ni kì í tì. Ẹ tún béèrè ẹni tí yóò máa bọ́ ọ bí wọ́n bá lọ sílé ọdún Iléyá tàbí Kérésì, àti bóyá lánlọ́ọ̀dù wọn mọ̀ sí i. Tọkọtaya ni? Ẹ bá àwọn méjèèjì sọ̀rọ̀. Bí ọkọ bá fẹ́ tí ìyàwó ò fẹ́, ajá ni yóò jìyà rẹ̀.

Ẹ ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kó lóyún mọ́ kẹ́ ẹ tó gbé e jáde. Mo mọ̀ pé ó ń náni lówó. Ṣùgbọ́n oyún ajá ò ju bí ọjọ́ 63 lọ; kí ọdún tó yí po, ajá kan tẹ́ ẹ gbà là á ti di ọ̀wọ́ ajá tó ń rìn kiri. Iṣẹ́ abẹ yẹn náà ló ń lé àwọn tó kàn fẹ́ máa ta ọmọ rẹ̀.

Alẹ́ àkọ́kọ́ nílé tuntun ni ajá ń sá lọ jù. Ẹ fún wọn ní aṣọ tó ti ń sùn lé, kí wọ́n fi okùn sí i lọ́rùn kódà nínú ọgbà, kí wọ́n má ṣí gééètì kí wọ́n tó rí ibi tó wà. Oúnjẹ tó ń jẹ lọ́dọ̀ yín ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀.

Olóko Lálúpọn

Sísè ni mò ń sè é o. N kì í fún wọn ní tútù. Ẹ̀yin ará ìlú kàn rò pé àwa olóko ò lójú àánú ni.

Dókítà Ẹranko, Abẹ́òkúta

Bàbá, sísè náà níṣòro tirẹ̀. Egungun adìyẹ tí wọ́n sè máa ń fọ́ ṣóńṣó ṣóńṣó, ó sì lè gún ìfun. Bẹ́ ẹ bá máa sè é, ẹ yọ egungun rẹ̀. Èyí tí àrùn pa, ẹ sin ín.

Mo fara mọ́ ohun tí Àdùkẹ́ sọ, àfi ibi iṣẹ́ abẹ. Kì í ṣe lọ́sẹ̀ yìí. A kì í fẹ́ ṣe é nígbà tí ẹ̀jẹ̀ ṣì ń kán, bó bá sì jẹ́ kókó ni, òun la máa kọ́kọ́ wò. Ẹ lè bá ẹni tó fẹ́ gbà á ṣàdéhùn pé wọ́n á gbé e wá tó bá yá. Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ, ó yẹ kó sinmi fún bí ọjọ́ 10 sí 14 níbi tí kò ti ní máa fò. Ibi tí lánlọ́ọ̀dù ti ń halẹ̀ kọ́ ni ìyẹn.

Alfa Ìwó

Àsàlámù aláékùm. Ẹ bá mi sọ fún màmá yàrá kejì tìfẹ́tìfẹ́ pé fífọwọ́ kan ajá kò ba àlùwàlá jẹ́. Kò sí mádíhábì (ìlànà òfin ẹ̀sìn) kan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí àwọn onímọ̀ jiyàn lé ni bóyá itọ́ rẹ̀ jẹ́ nàjísì, ìyẹn ohun àìmọ́, tó yẹ ká fọ̀ kúrò lára aṣọ. Ní mádíhábì Màlíkì, tí ọ̀pọ̀ Mùsùlùmí ìhà ibí ń tẹ̀ lé, mímọ́ ni ara ajá. Abọ́ tó bá ti ẹnu bọ̀ la ní ká fọ̀ lẹ́ẹ̀méje. Súrà Màídà, áyà kẹrin, sì mẹ́nu ba ẹran tí ẹranko tí a kọ́ bá dẹ mú. Ajá ọdẹ, ajá oko, ajá tó ń ṣọ́ ẹran ọ̀sìn, kò sí èèwọ̀ níbẹ̀.

Mò ń sọ èyí torí àwọn Mùsùlùmí tó ní ọgbà ńlá wà nínú àwọn tó máa pè yín. Ẹ má torí orúkọ wọn fò wọ́n.

Ìyá Ṣebótimọ

Ẹ ṣeun gan-an, gbogbo yín. Mo gbé e padà lọ, dókítà ní kì í ṣe kókó, àsìkò rẹ̀ ló dé. Mo fi ọ̀rọ̀ Alfa ránṣẹ́ sí màmá. Wọ́n ní àwọn gbọ́, ṣùgbọ́n gbígbó rẹ̀ lóru ńkọ́?

Mo kọ ọ̀rọ̀ bí Àdùkẹ́ ṣe ní kí n kọ ọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kánjú dákẹ́. Ó ku méjì. Àkọ́kọ́ ni tọkọtaya kan ní Akóbọ̀ tó ń gbé fúláàtì, ọmọ wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tẹ̀tẹ́ ni, wọ́n sì nífẹ̀ẹ́ ajá gan-an. Ìkejì ni bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì ní Mọ́níyà. Ọgbà wọn ga, àwọn àti ìyàwó wọn nìkan ló wà nílé. Ajá tí wọ́n ní tẹ́lẹ̀, ogbó ló pa á. Àmọ́ bàbá ò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, wọn ò tiẹ̀ sọ pé ajá náà rẹwà. Àwọn ará Akóbọ̀ ló wù mí. Kí lẹ rò?

Adélé Peckham

Akóbọ̀. Ìfẹ́ ṣe pàtàkì jù, ọgbà ṣeé wá. Ibí yìí, àìmọye ajá ló ń gbé nínú fúláàtì, wọ́n á sáà máa mú wọn jáde rìn.

Àdùkẹ́ Òṣogbo

Ẹ̀gbọ́n, ibo ni wọ́n fẹ́ mú un jáde rìn sí ní Akóbọ̀, láàárín ọ̀kadà tó ń bà á lẹ́rù? Ẹni tí ajá rẹ̀ gbó títí tó fi kú lọ́dọ̀ rẹ̀ ti dáhùn gbogbo ìbéèrè. Mọ́níyà.

Dókítà Ẹranko, Abẹ́òkúta

Mọ́níyà lèmi náà máa mú, nítorí ọmọ yẹn. Ajá tẹ́nikẹ́ni ò tíì mọ ìwà rẹ̀ pẹ̀lú ọmọdé, tí ẹsẹ̀ ṣì ń dùn, bí ọmọ tó ń tẹ̀tẹ́ bá ṣubú lé e lórí, kò ní ronú kó tó bù ú. Kì í ṣe ẹ̀bi ẹnì kankan, àmọ́ ojú ọmọ ló sún mọ́ ẹnu ajá jù.

Ìyá Ṣebótimọ

Mo gbé e lọ Mọ́níyà lónìí láti lọ wò wọ́n. Bàbá ò sọ̀rọ̀ púpọ̀ lóòótọ́. Wọ́n jókòó sórí àga, wọn ò pè é, wọn ò fọwọ́ kàn án, títí ajá fi rìn lọ bá wọn fúnra rẹ̀. Ìyàwó wọn béèrè ohun tó ń jẹ, ó sì gba káàdì, ó kọ ọjọ́ abẹ́rẹ́ tọdún tó ń bọ̀ sára kàlẹ́ńdà. Wọ́n ti gbà láti gbé e lọ fún iṣẹ́ abẹ tí àsìkò rẹ̀ bá parí. A kọ ọ́ sínú ìwé pé bí kò bá bá wọn lára mu, èmi ni wọ́n á pè. Ọjọ́ Sátidé ni mo máa gbé e lọ pátápátá. Bàbá ní àwọn ò ní yí orúkọ rẹ̀ padà, pé àwọn náà ní aládùúgbò.

Àdùkẹ́ Òṣogbo

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi nọ́ńbà mi ránṣẹ́ sí àwọn ará Akóbọ̀. Akọ kan wà lọ́dọ̀ mi tí a ti tẹ̀ lọ́dàá, ó ti dàgbà, àárín àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ló ti ń sùn. Kì í gbó rárá. Kí wọ́n sáà má gbà á torí olè o.